Ojúde Mi Kì Í Ṣe Ojúde Ọba

Gbà! Gbà! Gbà! Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni, àmọ́ olè wo ló ń fi òòlù jí onílé? Mo wé aṣọ ìbora mọ́ra, mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni mo bá níta, wọ́n ń kan èèkàn irin mọ́ ojú títì, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí tó di òòlù mú rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ àbọ̀, òòlù ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Télọ̀, ẹ kú àìsùn o. Ẹ má bínú, sà. Ọ̀la nìkan ni."

Ọ̀la nìkan ni! Ọdún 1991 ni mo dé Sabon Gari ní Kánò, mi ò tíì lò tó oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo òde "ọ̀la nìkan" tí wọ́n ti ṣe lójúde mi láti ìgbà náà, á tó ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, tí mo mú bírò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ Àbámẹ́ta télọ̀ ṣe ń rí, kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń dùn mí. Ọjọ́ yẹn ni àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ. Ẹni tí mo purọ́ fún lọ́jọ́ Ajé, tí mo tún purọ́ fún lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa dé, ojú rẹ̀ á sì ti pọ́n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kánópì máa bo ojú ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi lórí. Jẹnẹrétọ̀ á wà lọ́tùn-ún, sípíkà tó ga jù mí lọ á wà lósì, wọ́n á gbé ìkòkò ìrẹsì ka àdògán lórí pákó tí mo fi bo gọ́tà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáwọlé mi kan ṣoṣo. Bí mo bá tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n ni, àbí sípíkà ló ń mì ín, mi ò lè sọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá gba agbádá funfun. Òun náà ń lọ sóde, òde tirẹ̀ wà ní pópó kejì. Kò ríbi wọlé, èmi náà ò ríbi jáde. Ọmọ iṣẹ́ mi gun àpótí, ó na agbádá náà sí onílù. Onílù nà án sí alásè, alásè nà án sí ọmọ tó ń pín omi inú ọ̀rá, báyìí báyìí títí ó fi tẹ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Funfun báláú ló kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó fi máa dé ọ̀hún, ọbẹ̀ ata ti ya máàpù Nàìjíríà sí i láyà. Ta ló máa san owó alágbàfọ̀? Onílù ní alásè ni. Alásè ní ọmọ olómi ni. Ọmọ olómi ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo san án.

Ìyàwó mi ní kí n máa ṣe jẹ́jẹ́. "Bàbá Bọ́lá, aṣọ ẹbí tí gbogbo wọn wọ̀ lábẹ́ kánópì yẹn, ta ló rán an?" Èmi ni mo rán an. Mo mọ̀. Aṣọ 34 ni mo rán fún òde tó dí ilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kan pósí kò ní kí wọ́n wá sin òkú sí yàrá òun.

Mi ò sì bínú sí àwọn ọmọ tó ń kan èèkàn. Ẹni tó gé ìlú yìí ni mo bá wí. Oṣù Kejì ọdún 1903 ni àwọn Òyìnbó ṣẹ́gun Kánò. Nígbà tó di 1911, rélùwéè dé, ó sì kó àwọn baba wa dé: akọ̀wé, káfíńtà, òṣìṣẹ́ rélùwéè, olóbì àti aláṣọ, láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà, tàwọn tàwọn Íbò àti àwọn ará Gold Coast. Ìjọba ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi pẹ̀lú àwọn onílẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ òun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi nìyẹn, nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun 1914 bẹ̀rẹ̀. Sabon Gari ni wọ́n pè é, ìyẹn ìlú titun. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún báyìí, wọ́n ṣì ń pè é ní titun. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ titun wọ́. Ọmọ titun tiwa ti dàgbà ju àgbà ọjà lọ, orí rẹ̀ ṣì wọ́ síbẹ̀.

Rúlà ni wọ́n fi yà á. Bí ẹ bá dúró ní orígun pópó kan, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Pópó kan gba àárín èkejì kọjá bí ìlà inú ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé. Wọ́n fi ìlú àti èèyàn sọ wọ́n lórúkọ: Yoruba Road, Abeokuta Road, Enugu Road, Aitken Road, Sanyaolu Street, Odutola Street. Ó gún, mi ò jiyàn. Àlejò kì í ṣìnà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rìn ín láti òkè délẹ̀, ẹ wá ibi tí pópó ti fẹjú, tí igi kan wà láàárín, tí èèyàn lè dúró kí ará ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ àdàìdàìtà sahu fun fèrè sí i nídìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ wá pè mí.

Èmi ò kọ́ṣẹ́ ìlú gígé, aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n gé. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé ẹni tó bá ń gé aṣọ gbọ́dọ̀ fi àláwánsì sílẹ̀, íńṣì kan tàbí méjì létí ìrán, torí ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ lónìí á sanra lọ́la. Ẹni tó gé Sabon Gari kò fi àláwánsì sílẹ̀. Ó gé títì, ó gé púlọ́ọ̀tì, ó gé ọjà. Kò gé ibì kan ṣoṣo tí ẹgbẹ̀rún èèyàn lè dúró sí láìsanwó. Ìlú sì sanra. Àgbàlá tó yẹ kí ìdílé kan máa gbé di ogún yàrá, ilé ilẹ̀ di ilé alájà mẹ́ta. Ìrán já. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti já.

Ẹ má sì rò pé àwọn Òyìnbó ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ o. Nínú ètò tí Lugard, gómìnà wọn, ṣe fún àwọn ìlú ní 1917, ilẹ̀ òfìfo tó tó 440 yáàdì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé Òyìnbó àti ilé aláwọ̀ dúdú, kí ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ wa má baà fò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ìlù wa má sì dí wọn lójú oorun. Yáàdì 440! Yáàdì mẹ́wàá ni mo fi ń rán agbádá tòun ti bùbá àti ṣòkòtò. Agbádá 44 nìyẹn, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja nítorí ẹ̀fọn. Fún ìyàwó àti ọkọ ìyàwó wa, wọn ò fi ìwọ̀n bùbá ọmọdé sílẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n ní, kí àwa àtiwọn má baà pàdé ni. Èyí tí àwa fúnra wa ìbá ti máa pàdé ni wọn ò rántí. Àwọn tó ń sá fún ìlù náà kó ẹrù wọn lọ sílé nígbà tó yá. Ìlù wá ṣẹ́kù fún èmi nìkan.

Ẹnì kan á ní ṣé kò sí ibòmíràn ni? Ó wà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wà, ti ọmọ ìjọ ni. Pápá ìṣeré wà, Kano Pillars ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ò sì gba ìgbéyàwó láàyè. Òtẹ́ẹ̀lì wà, ó ní gbọ̀ngàn, ó ní amúlétutù. Ẹni tó bá lówó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tí ò lówó wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ wá wo ti àwọn onílẹ̀. Nínú odi lọ́hùn-ún, níwájú ààfin tí Ọba Muhammadu Rumfa kọ́ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, gbàgede kan wà tí wọ́n ń pè ní Kofar Kudu. Bí ọdún bá dé, ẹṣin á tú jáde bí omi, olùgùn á wé láwàní dé imú, Ẹ́mìà á jókòó lórí ẹṣin lábẹ́ agboòrùn, àwọn ìjòyè á sáré wá kí i tìlùtìfọn. UNESCO ti kọ ọdún ẹlẹ́ṣin yìí mọ́ àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní oṣù Kejìlá 2024. Ó jọ Ojúde Ọba tí àwọn Ìjẹ̀bú ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Iléyá: ẹṣin níbí, ẹṣin lọ́hùn-ún, aṣọ níbí, aṣọ lọ́hùn-ún. Ọba ló ni ojúde, ojúde gba gbogbo ìlú, kò sì sí télọ̀ kankan tí wọ́n sé mọ́lé níbẹ̀. Mo ń ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi ládùúgbò wa, ọmọ Kánò gidi. Ó bi mí pé, "Ina filinku?" Pápá tiyín dà? Mo na ìka sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń ta sílẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Ó dùn mí. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi gbàgede yájú sí, ṣebí àwa la ni gbọ̀ngàn Màpó. Kò pẹ́ sígbà náà tí àbúrò mi pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ gbéyàwó. "Bọ̀dá mi, Màpó la gbà o. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kánópì." Inú mi dùn dé ọ̀run. Mo ra bàtà titun nítorí rẹ̀, bàtà aláwọ tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé òkè ni Màpó. Kánò tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè Dala àti Goron Dutse wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni ò ní kí n gùn wọ́n lọ jẹ ìrẹsì rí. Ìbàdàn ní tirẹ̀, òkè méje ni wọ́n ní ó fi ṣe ìdúró, orí ọ̀kan nínú wọn sì ni wọ́n lọ gbé gbọ̀ngàn kà. Ọgbọ̀n ọdún lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti sọ orúnkún mi di ọ̀lẹ. Láti Ọjà'ba ni mo ti ń gòkè, bàtà ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, agbádá ń gbá atẹ́gùn bí ìgbòkun. Nígbà tí mo dé ibi àtẹ̀gùn, mo dúró, mo fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń wo ìlú. Irọ́ ni, èémí ni mò ń wá. Ọmọ kékeré kan tó ń ta omi sá kọjá lára mi, ó gbé igbá rù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá, ó kù díẹ̀." Kò kù díẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí mo ti dúró náà, mo kúkú wo ìlú. Òrùlé ń ti òrùlé lọ títí ojú fi sú mi, ilé ìṣọ́ Láyípo yọrí lórí òkè tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo wá yíjú sí gbọ̀ngàn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Captain Ross jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì. Òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Robert Jones ló kọ́ ọ. Ó to òpó ńláńlá síwájú rẹ̀ bíi ti ilé òrìṣà àwọn ará Gíríìkì, bí ẹni pé Òyìnbó ń sọ fún Ìbàdàn pé kó máa gbójú sókè wo òun. Mo yọ téèpù láti wọn ìbú òpó kan, ìyàwó mi ní kí n má dójú ti òun.

Ìbàdàn gbójú sókè wò ó lóòótọ́, ó sì gun òkè náà lọ bá a, ó gbà á. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ń jókòó sí nígbà tí Adélabú Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì di alága rẹ̀ ní 1954. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé Olúbàdàn ládé: Ọba Lékan Balógun ní oṣù Kẹta 2022, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ní oṣù Keje 2024, Ọba Rashidi Ládọjà ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ibẹ̀ náà ni àbúrò mi ti gbéyàwó. Mo wo ilẹ̀ lọ, mo wo ilẹ̀ bọ̀, mi ò rí èèkàn. Mo wá ẹni tí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà mọ́, mi ò rí i. Onílù ń lù, àwọn ọmọge tò sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn àgbà fẹ̀yìn ti òpó, kò sì sẹ́ni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ni mo ti mọ ohun tí gbàgede jẹ́: ibi tí èèyàn ti lè yọ̀ láìbẹ onílé. Mo gbà, orúnkún mi ò gbà. Ṣùgbọ́n orúnkún ò ní ìbò.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ jẹ súyà ní Sábó, lọ́nà Mọ́kọ́lá. Ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn náà ya ilẹ̀ fún àwọn àlejò Hausa tirẹ̀ ní 1916, Sábó ló ń jẹ́. Mo débẹ̀, títì ti dí. Kánópì! Ìgbéyàwó ni. Mo rí bàbá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, téèpù lọ́rùn, ìkòkò tùwó níwájú, sípíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kí i ní Hausa, mo ní télọ̀ ni èmi náà, láti Sabon Gari tó wà ní Kánò. Ó wò mí, ó wo kánópì, ó ní, "Sai hakuri." Sùúrù ló kù. A bọ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kan náà.

Bí mo ṣe padà dé ni mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àdúgbò wa, ojú ewé méjì. Mo ní ká dá owó jọ, ká ra púlọ́ọ̀tì kan, ká wó ohun tó wà lórí rẹ̀, ká gbin igi dóńgóyárò mẹ́rin sí i, ká sì fi í sílẹ̀ lófìfo títí láé. Wọ́n kà á, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá ti ìgbìmọ̀, gbogbo àdúgbò ló yẹ kó jókòó lé e.

Ẹ ò gbàgbé àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Mo bi wọ́n lóru yẹn pé òde ta ni. Èyí tó di òòlù mú ní, "Ìpàdé ni, sà. Lórí lẹ́tà tí ẹ kọ."

A ṣe ìpàdé náà lóòótọ́. Èèyàn pọ̀ débi pé àwọn tó pẹ́ dé jókòó sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Láńlọ́ọ̀dù mẹ́rin tó wá fohùn ṣọ̀kan pé ilẹ̀ láńlọ́ọ̀dù karùn-ún, tí kò wá, ló dára jù fún gbàgede. Ẹnì kan ní ká gun Dala. Mo wo orúnkún mi, mo dákẹ́. Ní ìparí, wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n fi mí ṣe alága, wọ́n sì dá ìpàdé mìíràn sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, níbi kan náà, torí pé, bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, "Alága ló sún mọ́ ibẹ̀ jù."

Aṣọ tí kò ní àláwánsì, kò sí bí télọ̀ ṣe lè tú u kó fẹ̀. Ìrépé aṣọ mìíràn ló máa lẹ̀ mọ́ ibi tó já. Mo ti gbà pé èmi ni ìrépé náà. Ṣùgbọ́n ìrépé náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n yé kan èèkàn mọ́ ojú títì. Kí wọ́n rọ kọnkéré sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n so okùn kánópì mọ́ ọn, ihò mẹ́rìndínlógún tó wà níwájú mi ti tó, òjò ti ń fi wọ́n ṣe kànga. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ fún mi láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì. Èmi fúnra mi ni màá fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Èyí tó kù ni olórí. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń fi ojúde gbàlejò, ìgbà tí ìrẹsì bá ti di èépá nídìí ìkòkò ni wọ́n tó ń rántí pé ẹnì kan ń bẹ nínú ilé. Kò tún ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá máa sọ ojúde mi di Ojúde Ọba, kí wọ́n yáa máa san ìṣákọ́lẹ̀ mi: àwo àkọ́bù, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, kí ọ̀gá alásè fúnra rẹ̀ gbé e wọlé wá fún mi, ẹran méjì lórí rẹ̀. Kí ó sì jẹ́ ẹran o. Ọba kì í họ egungun lójúde ara rẹ̀.